Kíláàsì mẹ́rin fún àpéjọ àwọn onírélùwéè inú ọgbà: kí la ó kó dání, ibo ló ti máa ń dàrú?

Alámòójútó_Ètò

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará mi. Ètò ẹ̀kọ́ ló wà lọ́wọ́ mi fún àpéjọ àwọn onírélùwéè inú ọgbà, ìyẹn àwọn tó ń tẹ́ ojú irin kékeré fún ọkọ̀ rélùwéè àfiṣeré nínú ọgbà ilé wọn, níhìn-ín ní Amẹ́ríkà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, òtẹ́ẹ̀lì ló sì máa gbà wá. Yàrá méjì ni wọ́n fún wa, èèyàn 20 ni yàrá kọ̀ọ̀kan lè gbà, tábìlì wà, iná wà lára ògiri. Ìṣẹ́jú 75 ni kíláàsì kan. Clinic ni wọ́n ń pè é níbí, ẹ má rò pé ilé ìwòsàn ni mo ń sọ.

N kò fẹ́ èyí tí a ó kàn máa fi àwòrán han àwọn èèyàn lára ògiri tí wọ́n á máa tòògbé. Mo fẹ́ kí ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́. Mẹ́rin ni mo ní lọ́kàn: títẹ́ irin sórí ilẹ̀, iná inú àwọn ilé kékeré, bátìrì nínú orí ọkọ̀ (èyí tó ń fa ìyókù), àti ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká kó dání fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mélòó-mélòó? Níbo ló ti máa ń bàjẹ́? Ṣé ó yẹ ká fi ti ewéko kún un? Nínú àwọn tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ni kò tíì gbẹ́ ilẹ̀ kankan rí.

Bàbá_Ojú_Irin

Ẹ kú iṣẹ́ o, Alámòójútó. Ẹ jẹ́ ká ti ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń tẹ́ irin pọ̀. Àwọn kan ń fi kọnkéré ṣe é, àwọn kan ń fi ọ̀pá páíìpù àti pákó oníke ṣe bí àkàbà. Ẹ má kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 75. Ẹ mú ẹyọ kan, irin tó kàn jókòó sórí òkúta fífọ́ láìkàn án mọ́lẹ̀, nítorí pé òun ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè tún ṣe bó bá ṣì í. Nínú ọgbà gidi, ẹ ó gbẹ́ yàrà tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, tó fẹ̀ tó 20 sí 25. Ẹ ó da òkúta sí i ní ìpele-ìpele, ẹ ó máa wọ́n omi sí i, ẹ ó máa gún un mọ́lẹ̀. Ẹ ó gbé irin lé e, ẹ ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìyókù wọ àárín àwọn pákó ìdábùú. Òkúta yẹn gbọ́dọ̀ ní igun. Èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní stone dust ló dáa, tí hóró rẹ̀ tó tóbi jù kò ju mìlímítà 10 lọ, tí lẹ́búlẹ́bú sì wà nínú rẹ̀. Òkúta odò roboto tó ń dán yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ṣe ló máa ń yí lábẹ́ irin bí ẹni dúró lórí àgbàdo gbígbẹ.

Wàyí o, inú òtẹ́ẹ̀lì. Àpótí onígi tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 90, tó fẹ̀ tó 30, tó jìn tó 15, ni ẹ máa lò, ọ̀kan fún èèyàn mẹ́rin. Àpótí márùn-ún nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe ni pé wọ́n á kún un dé ẹnu. Lítà 40 ni àpótí yẹn ń gbà, stone dust lítà 40 sì lè wúwo ju kílò 60 lọ. Ta ló fẹ́ gbé e gba inú ẹ̀rọ agbéniròkè òtẹ́ẹ̀lì? Ẹ fi fóòmù líle tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìsàlẹ̀, kí ẹ da sẹ̀ǹtímítà 5 péré lé e. Lítà 13 àti ààbọ̀ ni, kò ní ju nǹkan bí kílò 22 lọ. Ẹ wọ́n omi sí i díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí ó má baà kù sókè, kí ẹ sì tẹ́ tapólì sórí kápẹ́ẹ̀tì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì máa fi owó ìfọṣọ ránṣẹ́ sí yín.

Ohun mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kí ọwọ́ wọn mọ̀ kí wọ́n tó jáde.

Èkíní ni gegele, ibi tí ojú irin ti ń gòkè. Ìdá 2 nínú 100 tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bó bá ti kọjá 4, orí ọkọ̀ á máa yọ̀ lójú kan. Ẹ fún wọn ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 àti pákó pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 12. Kí wọ́n fi pákó yẹn sábẹ́ ìpẹ̀kun lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó wà lápá ìsàlẹ̀ gegele. Bí hóró afẹ́fẹ́ inú lẹ́fẹ́ẹ̀lì bá jókòó sáàárín, ìdá 2 gan-an nìyẹn, nítorí pé 12 nínú 600 ni. Kí wọ́n tún dá lẹ́fẹ́ẹ̀lì náà bùú irin méjèèjì. Irin tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ń ju ọkọ̀ nù ju gegele lọ.

Èkejì ni títẹ irin síbi kọ́nà. Ẹ yá ẹ̀rọ ìtẹrin tó ń tẹ irin méjèèjì pọ̀, ọ̀kan tó fún gbogbo kíláàsì bí ẹ bá ní irin tó pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa fún síkúrù rẹ̀ ní ìlọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa rí i pé irin ṣẹ́ igun. Ohun tó máa ń ya wọ́n lẹ́nu ni pé irin ìta á kúrú ní ìpẹ̀kun. Fún kọ́nà tó yí ìdá mẹ́rin òbìrí, irin ìta gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7.5 gùn ju ti inú lọ, ìbáà jẹ́ kọ́nà ńlá tàbí kékeré, nítorí pé àlàfo àárín irin méjèèjì ni iye yẹn dá lé.

Ẹ̀kẹta ni oòrùn. Idẹ máa ń gùn sí i bó bá gbóná. Irin idẹ tó gùn tó mítà 3 máa fi mìlímítà 2.3 gùn sí i bí ìgbóná bá fi ìwọ̀n 40 ti Celsius lọ sókè, alumíníọ̀mù á fi nǹkan bíi 2.8 gùn sí i. Ẹni tó bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ gbọn-in ní òwúrọ̀ tútù máa bá irin tó wọ́ bí ejò ní ọ̀sán. Ẹ fi irin kan sínú firiji, kí ẹ fi òmíràn sí oòrùn lẹ́yìn fèrèsé, kí wọ́n fi kálípà wọ̀n ọ́n fúnra wọn.

Rewáyà_Gọ́ọ̀lù

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan bọ̀ ọ́: ẹni tó bá ń gba iná láti ara irin kò lè fi àlàfo sí gbogbo ojú ìsopọ̀. Ìsopọ̀ tó kàn ń wọnú ara wọn yẹn, erùpẹ̀ àti ìpẹtà á wọ̀ ọ́, iná á sì máa dínkù bí ọkọ̀ ṣe ń jìnnà. Kílám̀pù onísíkúrù ni kó fi mú ọ̀pọ̀ jù lọ, kó wá fi ojú kan sílẹ̀ ní mítà mẹ́fà sí mẹ́jọ tó lè máa rìn, kó so wáyà tó dẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀. Bí ojú irin bá ní kọ́nà dáadáa tí kò sì kàn mọ́lẹ̀, kọ́nà á fẹ̀ díẹ̀ á sì gba púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ó kan kíláàsì iná ilé. Àpò kékeré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: LED (gílóòbù pínníṣín) funfun mẹ́ta tó ní àwọ̀ bí iná àtùpà, resistor (ohun tó ń dín iná tó ń kọjá kù) 1 kΩ mẹ́ta, wáyà pupa àti dúdú mítà kọ̀ọ̀kan, àti rọ́bà tó ń sún kì bí ó bá gbóná. Ẹ ṣe 24 fún èèyàn 20, ẹ ó rí i pé ẹnìkan á jó tirẹ̀.

Ìṣírò tó wà nídìí rẹ̀ ni kí ẹ kọ sára pátákó. Iná tó ń wọlé jẹ́ fóltì 12, LED funfun ń gba nǹkan bíi 3.2, ó ku 8.8. Ẹ fi 1,000 pín in: mìlíám̀pù 8.8. Ó tó, ilé kékeré kò nílò iná pápá ìṣeré. Bí ẹnìkan bá to mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, 9.6 ni wọ́n jọ gbà, ó ku 2.4, resistor 270 Ω á fún un ní nǹkan bíi 8.9. Ọ̀pọ̀ ìwé á dúró síbẹ̀. Àmọ́ ibi tó ti ń dàrú nínú ọgbà nìyí: àwọn èèyàn máa ń so ó mọ́ tránsfọ́mà iná ọgbà, fóltì 12 tó jẹ́ AC (iná tó ń lọ síwá-sẹ́yìn bíi ti ilé). Bí wọ́n bá fi díódì mẹ́rin àti kàpásítọ̀ sọ ọ́ di DC (iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo bíi ti bátìrì), á gòkè dé bíi 15.6. Mẹ́ta tó tẹ̀ léra pẹ̀lú 270 Ω á wá máa gba mìlíám̀pù 22, èyí tó ju 20 tí ọ̀pọ̀ LED lè gbà lọ. Kò ní jó lójú ẹsẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, a ó sì máa bú ẹni tó tà á. 680 Ω ni kó lò níbẹ̀. Ẹyọ kan pẹ̀lú 1 kΩ kò ní wàhálà ní ọ̀nà méjèèjì, ìdí tí mo fi ní kí ẹ kó o sínú àpò nìyẹn.

Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ni kí wọ́n fi dán LED wò kí wọ́n tó jó lẹ́ẹ̀dì sí i, yóò tàn fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ gígùn ni pósítíìfù. Kí wọ́n rántí fi rọ́bà sí wáyà kí wọ́n tó jó o pọ̀. Nínú ogún èèyàn, mẹ́wàá á gbàgbé.

Iná òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì 60 W lọ́nà 20 jẹ́ 1,200 W. Ojú iná ám̀pù 15 ní fóltì 120 lè gbé 1,800, àmọ́ 1,440 ni kí ẹ kà sí òpin bó bá máa pẹ́. Ẹ wá gbé ẹ̀rọ kọfí tàbí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri lé e, gbogbo yàrá á ṣú. Ẹ má gbàgbé pé sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lára ògiri lè jẹ́ ojú kan náà. Áyọ́ọ̀nù mẹ́wàá tó, èèyàn méjì sí ọ̀kan. Ẹ sì ṣí fèrèsé tàbí ìlẹ̀kùn nítorí èéfín.

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè kọ́ wọn: ilé inú ọgbà gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀ tí omi á máa gbà jáde. Kí wáyà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gòkè wọlé, kí omi òjò lè kán nù níbi tó rọ̀ sí yẹn dípò kó tọ wáyà wọlé.

Ti bátìrì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o fúnra wọn ní kíláàsì. Lithium tó ti wà nínú páàkì, tó ní pátákó ìdáàbòbò, ni kí ẹ lò. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó tẹ̀ léra ń jẹ́ 14.8 V, 16.8 bó bá kún. Bí ó bá gba 3.4 ám̀pù-wákàtí, tí orí ọkọ̀ sì ń jẹ 1.2 ám̀pù, wákàtí méjì àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ni. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni fíúùsì 5 ám̀pù sí ojú wáyà pupa ní ibi tó sún mọ́ bátìrì jù lọ, lẹ́yìn náà súwíìṣì, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ láti ara rìmóòtù. Ọ̀pọ̀ máa ń fi fíúùsì sí òdìkejì súwíìṣì. Bí wáyà bá bó kó tó dé ibẹ̀, kò sí ohun tó máa gbà wọ́n. Ṣájà tó mọ iye sẹ́ẹ̀lì nìkan ni kí wọ́n fi gbà á, kí wọ́n má sì gba bátìrì tó tutù ju ìwọ̀n 0 lọ láyè láti mu iná.

Alámòójútó_Ètò

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì tún ni: àwọn kan máa wọ ọkọ̀ òfuurufú wá, kí ni wọ́n lè gbé? Àti pé, àkókò wo ló yẹ kí n fi kíláàsì sí? Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì tó ń kó wọn lọ wo ọgbà ni gbogbo wọn ń dúró dè.

Olóoru_Omi

Òótọ́ lẹ sọ, wíwo ọgbà àwọn èèyàn ló ń gbé wọn wá, kíláàsì kò lè bá bọ́ọ̀sì du àyè. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago kan sí mẹ́rin ọ̀sán ni oòrùn ń lé gbogbo èèyàn sábẹ́ òrùlé. Ibẹ̀ ni kí kíláàsì inú yàrá wà. Ẹ tún kọ́ kíláàsì kan náà ní ọjọ́ kejì fún àwọn tí bọ́ọ̀sì gbé lọ.

Ti ọkọ̀ òfuurufú: bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ, inú àpò tí wọ́n gbé lọ́wọ́ ni kó wà, kí wọ́n bo ẹnu rẹ̀. Èyí tí Rewáyà ṣàpèjúwe jẹ́ nǹkan bí 50 Wh (wáàtì-wákàtí), àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sì ń gbà tó 100 láìbéèrè. Gáàsì butane tó ń jó lábẹ́ bọ́ílà ọkọ̀ olóoru ńkọ́? Rárá, ì báà jẹ́ nínú àpò ọwọ́ tàbí nínú ẹrù. Ẹ ra agolo mẹ́fà sílẹ̀ nílùú tí ẹ ti ń ṣe é.

Tèmi kò lè wọ inú yàrá. Aago mẹ́jọ àárọ̀, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, lórí ojú irin tó ga tó ìbàdí, àti iná-pa-iná méjì nítòsí. Èyí ni bí a ṣe ń tẹ̀ lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ẹyọ kan kí ẹ sì fi ike bò ó, ọwọ́ onítọ̀hún á lépo:

Fa omi àtàná kúrò nínú ilé epo (agolo kékeré tó ń fún sílíńdà ní epo), fi epo ooru, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ olóoru omi, kún un. Epo ooru ni o, kì í ṣe epo mọ́tò. Ooru tó bá di omi ló ń ti epo náà lọ sínú sílíńdà díẹ̀díẹ̀. Epo mọ́tò á pò pọ̀ mọ́ omi di bí ọṣẹ, sílíńdà á sì máa jẹra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi distilled (èyí tí kò ní iyọ̀ kankan nínú) nínú bọ́ílà, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè gẹ́gẹ́ bí olùṣe ṣe sọ. Ẹni tó kún un dé ẹnu máa rí ọkọ̀ tó ń tu omi gbígbóná láti inú ṣímínì sí ojú àwọn òǹwòran. Gáàsì ló gbẹ̀yìn, ní ibi tó jìnnà sí ọkọ̀ yòówù tó ti ń jó, mítà márùn-ún ó kéré tán. Tan iná, tẹ́tí sílẹ̀ kí o gbọ́ "pọ́ọ̀" bí iná ṣe ń wọlé sẹ́yìn sínú páíìpù. Bí ó bá ń hó tí kò wọlé, o ti ṣí i jù. Dúró dé 40 psi (ìwọ̀n agbára ooru inú bọ́ílà) kó o tó ṣí ooru, díẹ̀díẹ̀, nítorí omi tó wà nínú sílíńdà tútù ni yóò kọ́kọ́ jáde.

Ohun tó ń ba bọ́ílà jẹ́ jù lọ ní irú ibi báyìí: ọ̀pọ̀ orí ọkọ̀ ni wọ́n ṣe kí gáàsì lè tán kí omi tó tán. Ọlọ́kọ̀ á rí i pé iná kú, á sáré bu gáàsì, á gbàgbé omi. Bọ́ílà á gbẹ lórí iná. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà: GÁÀSÌ LÓRÍ GÁÀSÌ KÒ SÍ, OMI Ń BẸ LÁÀÁRÍN. Bí òwúrọ̀ bá tutù tí iná sì ń rọ̀, ìwọ̀n −0.5 ti Celsius ni butane ti ń hó, nítorí náà táǹkì rẹ̀ á máa tutù bó ṣe ń jó. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń gbà á là, kì í ṣe omi gbígbóná, má sì ṣe gbé e súnmọ́ iná.

Èèyàn 20 kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Orí ọkọ̀ mẹ́ta, èèyàn mẹ́fà-mẹ́fà tàbí méje-méje, alábòójútó kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá_Ọlọ́gbà

Ẹ fi ti ewéko kún un o, ẹ̀yin ọkùnrin. Ẹ gbàgbé pé ọgbà ni. Mo fẹ́ kí ó kéré: ìkòkò oníke fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, igi dwarf Alberta spruce (igi kúkúrú tó rí bí igi Kérésìmesì) kan, sísọ́ọ̀sì. Gígé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ìtì lè hàn bí igi àgbà ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Igi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 jẹ́ igi mítà 7.2 lójú ọkọ̀ tó jẹ́ ìdá 24 (tí wọ́n ṣe kéré ní ìlọ́po 24 sí ọkọ̀ gidi). Kí wọ́n má gé wọ inú ibi tí ewé ti tán, ẹ̀ka aláìléwé ti igi yẹn kì í sábà rú padà. Bí ewé bá ń di àwọ̀ eruku, kí wọ́n gbọn ẹ̀ka lórí ìwé funfun. Bí àwọn àmì pínníṣín bá ń rìn, kòkòrò aláǹtakùn kékeré ni, omi tó le ni kí wọ́n fi fọ abẹ́ ewé léraléra. Thyme tó ń fà nílẹ̀ dára bíi koríko, àmọ́ kí wọ́n gbìn ín jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí irin. Lọ́dún kejì á ti dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Alámòójútó_Ètò

Ẹ kú àfojúsùn, Ìyá. Mo ti fi kún un. Ọ̀kan ló kù: ẹnìkan lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fẹ́ ṣe ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó ní ìwọ̀n wo ni òun máa lò lórí ojú irin tí àlàfo àárín irin méjèèjì rẹ̀ jẹ́ 45 mm.

Bàbá_Ojú_Irin

Kó kọ́kọ́ sọ èwo nínú méjèèjì. Ojú irin àtijọ́, èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901, fẹ̀ tó mìlímítà 1,067. Ẹ fi 24 pín in, 44.5 ló jẹ́. Ìdá 24 bá a mu bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 jẹ́ 1,435, ó sì ń fẹ́ ìdá 32, nítorí 45 lọ́nà 32 jẹ́ 1,440. Kó má jẹ́ kí ọlọ́jà fi ìdá 29 tàn án fún tuntun yẹn. Ó wọ́pọ̀ lọ́jà, ó sì rí rùmúrùmú, àmọ́ 1,305 ni ojú irin rẹ̀ máa jẹ́, ọkọ̀ náà á wá tóbi jù fún irin tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Méjèèjì lè gba orí irin kan náà. Kó kàn má tò wọ́n sí ìdúró kan náà: èrò tó ga tó mítà 1.7 á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.1 nínú ti àtijọ́, 5.3 nínú ti tuntun. Àwọn tó ń wọkọ̀ tuntun á dà bí ọmọ àwọn tó wà lójú fèrèsé ọkọ̀ kejì.